Ọwọ́ Òsì Onígbàjámọ̀

Ẹni tó bá ní kí onígbàjámọ̀ yìí ròyìn ara rẹ̀, kó yáa wá àga jókòó. Oṣù mẹ́ta ló ti fi ń kọ́ jùjítsù, ìjàkadì orí ẹní tí wọ́n ti ń fún ara wọn lọ́rùn títí ẹnì kan á fi fọwọ́ gbá ẹní pé ó tó. Ní ṣọ́ọ̀bù, kìnnìún ni. Lórí ẹní, kò tíì sẹ́ni tó gbá ẹní fún un rí.

Ìyàwó rẹ̀ ti fún un ní gbèdéke. "Ọjọ́ Sátidé lèrò ń pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, ọjọ́ náà lẹ sì ń lọ yí gbirigbiri nílẹ̀. Tí ẹnikẹ́ni ò bá gbá ẹní fún yín lónìí, Bàbá wọn, ó parí nìyẹn. Mò ń bọ̀ wá fojú ara mi rí i."

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, káfíńtà tí wọ́n jọ ń kọ́ ìjà wá gẹrun. Onígbàjámọ̀ ò lè panu mọ́.

"Lọ́sàn-án òní, àbúrò, ọrùn yìí gan-an ni màá mú. Apá ọ̀tún á gba abẹ́ àgbọ̀n wọlé, á di apá òsì mú, ọwọ́ òsì á wá lọ sẹ́yìn orí báyìí—"

Ọwọ́ òsì yẹn náà ló fi ń gẹrun, ẹ̀rọ sì ń kùn nínú rẹ̀. Ó lọ lóòótọ́. Ó la ìpàkọ́ káfíńtà kọjá bí ọ̀nà oko.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tẹ́ ẹ dákẹ́?"

"Iṣẹ́ ọnà ni. Kò fẹ́ ariwo."

Ó da páúdà sí i, ó gbé dígí síwájú oníbàárà. Ti ẹ̀yìn, ó "gbàgbé" rẹ̀. Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í bá ni rí tẹni. Ẹni tó bá káfíńtà rí tiẹ̀ ti pinnu pé òun ò rí nǹkan kan.

Nígbà tó di ọ̀sán, Tíṣà wọn, obìnrin tín-ín-rín kan tó ti fún gbogbo wọn lọ́rùn rí, ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́, onígbàjámọ̀ gba ẹ̀yìn káfíńtà, ó fẹsẹ̀ méjèèjì há a níbàdí. Apá ọ̀tún wọlé sábẹ́ àgbọ̀n. Àmọ́ òógùn ti fọ páúdà lọ. Ọ̀nà oko yọ gbangba, ìyàwó rẹ̀ sì jókòó lórí bẹ́ńṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

"Ọwọ́ òsì, sà! Sẹ́yìn orí!"

Oṣù mẹ́ta ni Tíṣà ti ń pariwo èyí, kò wọ̀ ọ́ létí. Lónìí, kò tíì sọ ọ́ tán tí àtẹ́lẹwọ́ fi bo ìpàkọ́ bí ìdérí ìkòkò. Ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gidi. Kì í ṣe ìjà ló ń jà mọ́, àṣírí ló ń bò. Káfíńtà gbá ẹní: pá, pá, pá!

Ariwo sọ. Ó tú apá ọ̀tún sílẹ̀. Ti òsì ò kúrò.

"Ẹ̀gbọ́n, mo ti gbà o. Ẹ gbọ́wọ́ kúrò lórí mi."

"Mò ń bá ọ fọwọ́ pa á ni."

Inú Tíṣà ti dùn kọjá ààlà. "Ẹ wá wò ó, gbogbo yín! Bó ṣe yẹ kí ọwọ́ òsì wà nìyí. Ẹ gbé e sókè, sà, kẹ́ ẹ tún un ṣe díẹ̀díẹ̀ kí wọ́n rí i."

Wọ́n rọ̀gbà yí i ká. Kò sọ́gbọ́n mọ́; ó gbé e sókè.

Tíṣà tẹjú mọ́ ìpàkọ́. "Ta ló gẹ èyí?"

Káfíńtà, tí èémí rẹ̀ ò tíì délẹ̀, nàka sẹ́yìn. "Àwọn náà ni. Ó dáa, àbí? Wọ́n ní iṣẹ́ ọnà ni."

Ìyàwó onígbàjámọ̀ dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀.

"Bàbá wọn, ẹ kú oríire. Ẹ máa wá ní gbogbo Sátidé. Tí ìpàkọ́ yìí bá fi lè rìn dé ìgboro, kò sí oníbàárà tó máa dí yín lọ́wọ́ mọ́."