Kókó Abẹ́ Ìdérí

Ẹ̀rọ ìlọgi náà tún kú. Séídù bú u, ó bú ìyá tó bí i, ó sì tún wé okùn ìfà mọ́ ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún.

Àtàǹpàkò àti ọmọńdinrín nìkan ló kù ní ọwọ́ yẹn. Ẹ̀rọ àtijọ́ ló gé ìka mẹ́ta àárín lọ́dún 1974, ọdún mẹ́rìnlá sẹ́yìn. Gbogbo ìlú Gouka ló mọ̀ ọ́n, nítorí Séídù fúnra rẹ̀ a máa fi pa àwọn obìnrin lẹ́rìn-ín pé àwọn mẹ́ta náà ti ṣáájú lọ ra ilẹ̀ sí ọ̀run. Ẹ̀rọ tuntun yìí, tí ẹgbẹ́ àgbẹ̀ gbé wá ní oṣù kan sẹ́yìn, kò ní gé ẹnikẹ́ni. Kókó kékeré kan wà tí ìdérí rẹ̀ máa ń tẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí ìdérí bá ti ṣí, kókó á sọ sókè, ẹ̀rọ á sì dákẹ́.

Bẹ́ẹ̀ ìdérí gbọ́dọ̀ ṣí. Obìnrin Gouka wo ni yóò gbà kí ìyẹ̀fun ẹlòmíràn wọ inú tirẹ̀? Lẹ́yìn igbá kọ̀ọ̀kan, Séídù á ṣí i, á fọwọ́ gbá inú rẹ̀, á dé e, á wá fa okùn títí apá á fi máa ro ó. Ọ̀la sì ni ọjọ́ ọjà. Àwọn tó wà lẹ́yìn ìlà ti ń wo ọ̀nà ẹ̀rọ ẹlòmíràn tó wà lẹ́yìn ọjà.

"Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń lọgi," ni Séídù wí. "Irin kan ò ní máa pàṣẹ fún mi."

Ó gé rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́, ó fi de kókó náà mọ́lẹ̀. Àgbàdo, gbágùúdá gbígbẹ, ọkà bàbà, igbá ń tẹ̀lé igbá. Bí ẹ̀rọ ṣe ń yí ni Séídù ń fi ìgbálẹ̀ kékeré gbá inú rẹ̀, bí ìṣe àtijọ́. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń jó díẹ̀díẹ̀.

Ó kan Thècle, ìyàwó olùkọ́.

"Baba, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbá a dáadáa. Èèwọ̀ ilé ọkọ mi ni ọkà bàbà."

"Ìwọ ìyàwó yìí! Ṣé ó dà bí ẹni pé ọwọ́ àgbàlagbà ò wọ akèrègbè ni?"

Ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, ojú rẹ̀ sì wà lára Thècle, nígbà tó ṣí ìdérí. Ìgbálẹ̀ wà nílẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ wọlé.

Afẹ́fẹ́ gbígbóná fẹ́ sí kùkùté ìka rẹ̀.

Ó fa ọwọ́ yọ. Ariwo ẹ̀rọ ti mọ́ etí rẹ̀ lára débi pé kì í gbọ́ ọ mọ́. Ọwọ́ ní tirẹ̀ ti kọ́, láàárín oṣù kan péré, pé bí ìdérí bá ti ṣí, ewu ti tán. Kókó tí Séídù ń bú ló kọ́ ọ. Ẹ̀rù bà á, ẹ̀rù gidi.

Ó wo ibi tí irin ti ń yí. Ibẹ̀ gan-an ni ìka mẹ́ta yẹn ìbá dé, ká ní wọ́n ṣì wà.

"Baba, kí ló dé?"

"Kò sí."

Ó pa ẹ̀rọ. Ó tú rọ́bà náà, ó jù ú sígbó. Ó gbá inú ẹ̀rọ títí kò fi ku ẹyọ ọkà bàbà kan. Obìnrin kan lórí ìlà pòṣé, ó gbé igbá rẹ̀ lérí, ó kọjú sí ẹ̀yìn ọjà.

"Ó dàbọ̀ o, màmá," ni Séídù wí. "Ẹ bá mi kí wọn."

Ó dé ìdérí, ó wé okùn mọ́ ọrùn ọwọ́, ó fà á. Ẹ̀rọ kò jí. Ó tún fà á, kò sì bú u.