Ọwọ́ Tó Mọ Oríkèé

Ọ̀bẹ Nanami kò kan egungun rárá. Oríkèé ló ń wá, ó sì ń rí i. Ó yí ọwọ́ díẹ̀, itan àgbò náà sì já sí i lọ́wọ́ wẹ́rẹ́. Nínú gárééjì ilé wọn ní Loganville, ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti tẹ́ ọ̀rá sórí tábìlì fún ẹran Iléyá, Sìlífátù dúró, ó ń wo ọmọbìnrin ará Japan tí Haneef, ọmọ rẹ̀, fẹ́ fi ṣaya. Inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn.

Láti ọjọ́ mélòó kan ni Haneef ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má bi ọmọ náà nípa ìdílé rẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ yẹn gan-an ni kò jẹ́ kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ìyá wo ni kì í wádìí ilé tí ọmọ rẹ̀ ti fẹ́ fẹ́yàwó? Ẹni tó bá ní kí wọ́n má béèrè, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé wèrè wà nílé wọn, tàbí olè. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ń gé ẹran yìí kò jọ ọwọ́ ọmọ olè lójú rẹ̀.

"Ta ló kọ́ ẹ?" ló bi í. Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo wọn ń sọ nítorí àlejò.

"Bàbá àgbà mi ni, mà."

"Alápatà ni wọ́n? Ṣé iṣẹ́ ìdílé yín nìyẹn?"

Ọ̀bẹ dúró.

"Mummy! Mo ti bẹ̀ yín!" Haneef gbé cooler tó dì mú kalẹ̀.

"Kò burú, Haneef." Nanami nu ọwọ́ rẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Iṣẹ́ ìdílé wa ni. Burakumin ni wọ́n ń pè wá."

"Ẹ̀n-ẹ́n, mo ti gbọ́ nípa wọn!" Nojeem, àbúrò Sìlífátù, gbé orí sókè nídìí èédú tó ń fẹ́. "Ìran ẹrú ni wọ́n, àbí? Wọn kì í ṣe Japanese gidi."

Kò ní ibi lọ́kàn. Ẹnu Nojeem ni kì í gbélé.

"Rárá o, Uncle. Japanese ni wá. Èdè kan náà, ojú kan náà. Àwọn baba ńlá wa ló ń pa ẹran, tí wọ́n ń ṣe awọ, àwọn yòókù sì ní a kò mọ́. Òfin ti fagi lé e tipẹ́, ṣùgbọ́n àwọn kan ṣì ń rán ènìyàn lọ wádìí kí wọ́n tó fẹ́yàwó. Aṣọ ìgbéyàwó aunty mi ti wà nílé nígbà tí ilé ọkọ fi ránṣẹ́ pé àwọn kò ṣe mọ́."

Ojú ti Sìlífátù débi pé kò mọ ibi tí yóò wò. Ìbéèrè yìí kan náà ni wọ́n bi ìyá tirẹ̀ nígbà tó kọ́kọ́ dé ilé ọkọ ní Ìṣẹ́yìn. Wọ́n bi í, wọ́n sì gbá a mọ́ra. Òun kò mọ̀ pé wọ́n lè fi ti ènìyàn síta.

Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó mú ọ̀bẹ mìíràn, ó sì lọ dúró ti ọmọ náà.

"Bàbá mi, alápatà ni."

"Mummy, ẹ ti ń sọ ọ́ láti ọjọ́ yìí pé business ni Grandpa ń ṣe!"

"Ẹran títà kì í ṣe business ni?" ni ìyá rẹ̀ dá a lóhùn. Nojeem bú sẹ́rìn-ín. Sìlífátù yíjú sí Nanami. "Ó yá, ìwọ náà bi mí ní tèmi."

Ọmọ náà rò ó díẹ̀. "Ṣé òórùn ẹran máa ń wà lára bàbá yín tí wọ́n bá ti ibi iṣẹ́ dé?"

"Nígbà gbogbo. Tí àwọn ọ̀rẹ́ mi bá wà níbẹ̀, mo máa ń sá fún bàbá mi. Tí kò bá sí ẹnì kankan, màá gbé orí lé wọn láyà."

"Èmi náà, mà," ni Nanami wí.

Sìlífátù ti itan kejì sí i níwájú. Wọ́n jọ ń gé e lọ títí ọkọ̀ àwọn obìnrin mọ́ṣáláṣí fi yà wọ iwájú ilé. Haneef, tó mọ̀ pé ìyá rẹ̀ kò ní fẹ́ kí wọ́n bá ọ̀bẹ ẹran lọ́wọ́ òun, na ọwọ́ sí bọ́tìnnì ilẹ̀kùn gárééjì kíá.

"Má tì í," ni Sìlífátù wí.