Hóró Ike Tó Ti Yó

Ọdún gbọọrọ ni obìnrin onímọ̀ kẹ́míkà kan fi wà lẹ́nu iṣẹ́ hóró ike kan tó kúnná bí iyanrìn. Bí omi bá gba àárín rẹ̀ kọjá, á gbá májèlé tí ojú kò lè rí mú, bí ẹ̀ẹmọ́ ṣe ń lẹ̀ mọ́ aṣọ. Nítorí ìyá rẹ̀ ló ṣe dáwọ́ lé e. Ìsàlẹ̀ odò ni màmá ń gbé. Òkè odò yẹn kan náà sì ni ilé iṣẹ́ awọ tí àkọ́bí màmá, ẹ̀gbọ́n obìnrin yìí ọkùnrin, jẹ́ ọ̀gá níbẹ̀ ń da omi aró sí.

Nígbà tí hóró náà ṣiṣẹ́, ẹ̀gbọ́n ló kọ́kọ́ dì mọ́ ọn. Wàràwàrà ló ní kí wọ́n kó o sínú páìpù ilé iṣẹ́. Inú àbúrò dùn dé ẹ̀yìn.

Kò pẹ́ tí ara fi bẹ̀rẹ̀ sí í yún màmá, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Ọmọ bu omi ẹ̀rọ ìyá rẹ̀, ó yẹ̀ ẹ́ wò. Májèlé inú rẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ. Ó di ọ́fíìsì ẹ̀gbọ́n.

"Bọ̀ọ̀dá, hóró yẹn ti gba májèlé yó. Ẹni tó bá yó kì í jẹun mọ́, ṣe ni yóò máa bì. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀."

"Ká wá dá iṣẹ́ dúró?" Ẹ̀gbọ́n ń ro tíì rẹ̀. "Ṣebí nítorí hóró rẹ ni ìjọba ṣe gbà wá láyè ká da aró ìlọ́po méjì."

"Màmá wa ni wọ́n ń mu ún o!"

"Màá máa fi omi inú ike ránṣẹ́ sí wọn."

Àbúrò bá lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá ìjọba tó ń bójú tó omi ìlú. Ọkùnrin náà fẹ̀yìn ti àga, ó nawọ́ sí ògiri. Àwòrán òun fúnra rẹ̀ ló wà níbẹ̀, tó gbé ife omi sẹ́nu lẹ́gbẹ̀ẹ́ páìpù ilé iṣẹ́ awọ, tẹ̀rín-tẹ̀rín.

"Madam, ṣé ẹlòmíràn nìyẹn? Ṣé kí n wá sọ pé májèlé ni mo mu lójú gbogbo ìlú?"

Àbúrò dìde, ó gba ilé ìyá rẹ̀ lọ.

Ó ro gbogbo rẹ̀ fún màmá. Ìyá tẹjú mọ́ ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

"Ọmọ méjì ni mo bí. Ọ̀kan ń da májèlé, èkejì ń fi hóró bá a bò ó mọ́lẹ̀. Ta ni kí n bá wí?"

"Ẹ má bínú, màmá."

"Èmi ò bínú. Kíndìnrín mi ló ń bínú."

Kí ọdún tó yí po, wọ́n sin màmá. Ẹ̀gbọ́n sunkún ju gbogbo ènìyàn lọ. Ìyẹn ló dun àbúrò jù, nítorí ẹkún tòótọ́ ni.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ó dúró sẹ́nu ẹ̀rọ omi àdúgbò, ó ń bẹ àwọn tó wá pọnmi pé kí wọ́n padà. Obìnrin kan sọ garawa rẹ̀ kalẹ̀, ó wò ó láti òkè délẹ̀.

"Omi wo wá ni ká mu?"

Obìnrin náà ṣí ẹ̀rọ.