Yes Tí Abímbọ́lá Dáhùn

Adédìran Dáramọ́lá fa wáyà Wi-Fi yọ lára ògiri, ó ká a mọ́wọ́, ó sì tì í bọ àpò ṣòkòtò rẹ̀.

"Ó tán," ó ní. "Ẹni tó bá fẹ́ wo ìwòkuwò, kó lọ wò ó níta. Inú ilé tèmi kọ́."

Eli, ọmọ rẹ̀, dìde. Ó mú fóònù rẹ̀, ó jáde, ó wọ inú mọ́tò ìyá rẹ̀ tó wà níwájú ilé, ó sì ti ilẹ̀kùn rẹ̀ gbàà. Oòrùn oṣù keje ń jó gbogbo ìlú Austell ní Georgia lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n mọ́tò tó gbóná sàn fún un ju pálọ̀ tí bàbá rẹ̀ wà lọ.

Abímbọ́lá ìyá rẹ̀ dúró láàárín pálọ̀, kò mọ ẹni tí òun yóò kọ́kọ́ bẹ̀. Ọjọ́ draft lọjọ́ náà, ọjọ́ tí àwọn ẹgbẹ́ bésíbọ́ọ̀lù ńláńlá ní Amẹ́ríkà ń ṣa àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n fẹ́ gbà síṣẹ́, tí wọ́n ń pe orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kí gbogbo ayé gbọ́. Ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ló ti ń tọ Eli lẹ́yìn láti ọdún méjì. Bí wọ́n bá pè é, ó di eléré nìyẹn. Bí wọn ò bá pè é, ó ń lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì tí bàbá rẹ̀ yàn fún un nítòsí ilé, kó lọ kọ́ iṣẹ́ apoògùn. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ọ̀hún kò sì ní ẹgbẹ́ bésíbọ́ọ̀lù rárá. Ẹ má rò pé ó ṣèèṣì o. Adédìran fara balẹ̀ wá irú rẹ̀ kó tó rí i ni.

"Ìwọ lo bà á jẹ́," ó kọjú sí ìyàwó rẹ̀. "Ìwọ lo ń fi mọ́tò gbé e kiri pápá gbogbo Georgia. Ọwọ́ òsì tí mo ní kó má fi gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, òun ló fi ń ju bọ́ọ̀lù táwọn òyìnbó wá ń pàtẹ́wọ́ fún."

"Daddy Eli, ẹ jọ̀ọ́. Ọjọ́ kan péré ni."

"Ọjọ́ kan kẹ̀? Tí apá yẹn bá rọ lọ́la ńkọ́? Ṣé wọ́n á tún mọ orúkọ ẹ̀? Ọmọ Dáramọ́lá, ọmọ ogún ọdún, tí ò níwèé, tí ò níṣẹ́! Kí n wá máa sọ kí ni ní ṣọ́ọ̀ṣì?"

Fóònù dún lọ́wọ́ Abímbọ́lá. Ọkùnrin tó ń bá ẹgbẹ́ náà wá àwọn ọ̀dọ́ eléré kiri ni. Láti ìgbà tí Eli ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ìyá ló máa ń pè, nítorí ó ní àgbàlagbà lòun fẹ́ máa bá sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ ń jáde lẹ́nu rẹ̀ wàrà wàrà. Ó ní ó kan àwọn báyìí, ọ̀rọ̀ kan péré ló kù, kò sì sáyè.

Abímbọ́lá gba ọ̀nà ìta lọ kó lè gbé fóònù fún ọmọ. Adédìran ti dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, ó káwọ́ mọ́ àyà.

"Ta nìyẹn?"

Òyìnbó náà ń sọ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ lọ ní etí rẹ̀: Eli kò ní fi àwọn sílẹ̀ lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, àbí?

"Yes," Abímbọ́lá dáhùn.

Ọkùnrin náà dákẹ́ díẹ̀. "Yes?"

"Yes, sir."

Ó ní ó dáa, òun dúpẹ́ pé ó sọ òótọ́ fún òun. Ó sì pa fóònù.

Kò pẹ́ tí Eli fi wọlé. Ojú rẹ̀ ti pọ́n. Orúkọ ọmọkùnrin kan láti Texas ni wọ́n pè. Clara, obìnrin tó ń gba Eli nímọ̀ràn lórí eré rẹ̀, ló pè é pé ẹgbẹ́ náà ní ìyá rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló sọ pé kò wá mọ́.

"Mummy, ẹ sọ fún wọn pé college ni mò ń lọ?"

"Èmi? Ó ní o ò ní lọ, àbí? Mo ní yes! Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, o ò ní lọ!"

Ẹni tó bá gbọ́ èdè méjèèjì ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ní Yorùbá, "bẹ́ẹ̀ ni" yẹn túmọ̀ sí pé bí o ti wí ló rí, ọmọ kò lọ síbì kankan. Lédè òyìnbó, yes náà yí ọ̀rọ̀ po pátápátá: ọmọ ń lọ.

Adédìran bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi ní láti di ògiri mú. "Bímbọ́! Olúwa ló lo ẹnu ẹ!"

Abímbọ́lá pe ọkùnrin náà padà. Kò gbé e. Ó tún pè. Nígbà tó gbé e, ó ní ó dun òun gan-an, àyè tí àwọn fi sílẹ̀ fún Eli ti di ti ẹlòmíì.

"Ẹ rẹ́rìn-ín dáadáa," Eli sọ fún bàbá rẹ̀. "Mi ò lọ sí school yẹn. Ever."

"O máa lọ, tàbí kó o kẹ́rù ẹ kúrò nílé mi. Ìyá ẹ gan-an mọ̀ pé ìranù ni. Ó kàn ń díbọ́n ni."

"Ẹ fi Mummy sílẹ̀!" Eli pariwo. "It was a mistake! Mummy nìkan ló wà lẹ́yìn mi nínú ilé yìí!"

Adédìran pòṣé, ó gba yàrá lọ.

Abímbọ́lá jókòó, ó bú sẹ́kún. Ọdún kẹrìndínlógún rẹ̀ rè é tó ti ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Atlanta. Bí nọ́ọ̀sì tuntun bá ti ilẹ̀ Yorùbá dé, òun ni wọ́n máa ń fà á lé lọ́wọ́, ohun tó sì kọ́kọ́ máa ń kọ́ wọn nìyí: bí dókítà bá bi yín pé aláìsàn yìí kò tíì jẹun, àbí, ẹ má ṣe dáhùn ní yes o. Ẹ sọ ọ̀rọ̀ náà tán lẹ́nu. Irú yes bẹ́ẹ̀ kò já bọ́ lẹ́nu tirẹ̀ rí.

Ó sì gbọ́ ìbéèrè òyìnbó náà ketekete. Ó gbọ́ bó ṣe dákẹ́. Ọkùnrin náà ṣoore fún un, ó tún bi í. Kì í sì í ṣe ojú Adédìran ló bà á lẹ́rù lẹ́nu ọ̀nà. Yàrá Eli ló rí, bẹ́ẹ̀dì tó ṣófo, ọmọ kan ṣoṣo tó bí tó lọ ń dá gbé ní ìlú kan tí òun kò mọ̀. Ọkọ rẹ̀ ti fi gbogbo ọdún kan pariwo pé òun kò fẹ́. Abímbọ́lá ní tirẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, ó ń wa mọ́tò kiri, kò sọ pé òun náà kò fẹ́.

Eli wá kúnlẹ̀ tì í, ó gbá a mọ́ra. "It's okay, Mummy. Mo mọ̀ pé ẹ ò mọ̀ọ́mọ̀."

Òótọ́ náà dé ẹnu rẹ̀, ó gbé e mì. Ó gbé orí lé èjìká ọmọ náà, ó sì jẹ́ kó máa rẹ òun lẹ́kún.