Onílẹ̀kùn Ilé Ìtajà Alájà Mẹ́ta

Ní gbogbo Táíwò Road, ilé ìtajà kan ṣoṣo ni wọ́n ti ń tẹrí ba fún oníbàárà kó tó wọlé. Olóògbé Alhaji Àbùbákàr tó ni ibẹ̀ ló kó àṣà náà bọ̀ láti Jàpáànì, níbi tó ti ń ra ẹ̀rọ wá tà. Aṣọ wà nísàlẹ̀, abọ́ láàárín, ẹ̀rọ lókè, Hàlímọ̀tù sì wà lẹ́nu ọ̀nà. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ṣe ló fi eékún méjèèjì kúnlẹ̀, bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé. Alhaji rẹ́rìn-ín títí.

"Hàlímọ̀tù, ẹ̀yìn ni wọ́n ń tẹ̀ níbẹ̀, wọn kì í kúnlẹ̀."

Ọdún kọkànlélógún rèé tó ti ń tẹ ẹ̀yìn.

Ilé tó tòrò nígbà ayé Alhaji, àṣé ọmọ àlè ibẹ̀ ni kò tíì dàgbà. Bó ṣe kú ni wọ́n pín ogún ní ìdí-igi: ìyàwó mẹ́ta, àjà mẹ́ta. Àtẹ̀gùn kò bọ́ sínú ìpín ẹnikẹ́ni, nítorí náà nígbà tó bàjẹ́, kò sẹ́ni tó tún un ṣe. Nígbà tí oníbàárà ò gòkè mọ́, wọ́n ta ilé náà fún ilé iṣẹ́ kan láti Èkó. Àwọn yẹn náà tà á fún Muhammad Awwal, oníṣòwò sìmẹ́ńtì.

Wọ́n ní ọjọ́ Jímọ̀ ni yóò wá yan àwọn òṣìṣẹ́ tí yóò kù. Ọkọ Hàlímọ̀tù ti kú, ó sì ti ń sún mọ́ ọgọ́ta ọdún. Ta ni yóò tún gbà á síṣẹ́? Ó wọ yunifọ́ọ̀mù àtijọ́, àmọ́ ó ti gbó, ló bá fi híjáàbù bò ó. Ó ti há ohun tí yóò sọ sórí.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, Awwal dé pẹ̀lú ọ̀rá wàínà, àkàrà ìrẹsì tí wọ́n fi ń ṣe sàárà, lọ́wọ́. Hàlímọ̀tù tẹrí ba. Ọkùnrin náà dúró, ó kó wàínà mẹ́ta lé e lọ́wọ́.

"Ìyá, sàárà ni o. Ẹ bá mi ṣàdúà sí ọjà yìí."

Kí ó tó rò ó, ẹnu rẹ̀ ti ń ṣàdúà, "Kí Ọlọ́hun gbà á." Ó ṣe é dáadáa, títí dé àmín. Ìgbà tó parí, kò mọ bí ẹni tó ti gba sàárà ṣe ń sọ pé òṣìṣẹ́ lòun.

Awwal wọlé bá máníjà, ẹni tó ti bá Hàlímọ̀tù ṣiṣẹ́ fọ́dún mẹ́wàá.

"Ìyá alágbe ẹnu ọ̀nà yẹn, ẹ má lé e. Ẹ jẹ́ kó máa wá ní Jímọ̀-Jímọ̀."

Máníjà bojú wẹ̀yìn, ojú òun àti Hàlímọ̀tù ṣe mẹ́rin.

"Ó dáa, sà," ni ó wí.