Òfin Ọkọ̀ Oníná ní Ẹnubodè

Ìyá Bọ́lá, gbọ́ àlá tí mo lá mọ́jú òní. Mo ń wa ọkọ̀ oníná, wáyà rẹ̀ sì gùn wá láti ilé ìdáná mi. Ní ẹnubodè ìpínlẹ̀, olóògbé ọkọ mi wọ aṣọ aṣọ́bodè, ó ń ka òfin ìjọba tuntun: "Ọkọ̀ oníná, máa kọjá lọ́fẹ̀ẹ́. Ọkọ̀ elépo, dúró!"

Àbúrò rẹ̀ ni wọ́n dá dúró, nínú ọkọ̀ tó gbà lọ́wọ́ mi lẹ́yìn ìsìnkú, tó ní ti ìdílé àwọn ni.

"Ìyàwó wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé mi."

"Ọkọ mi, ẹ máa tì í."

Ẹ̀rín ló jí mi. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò yé mi. Mo kàn tún fẹ́ sùn díẹ̀, kí n wo ibi tó tì í dé.