Èrò Méjìlélógún

Bàbá arúgbó náà tún gbé omi òkun mì, ó sì rọ̀ mọ́ obìnrin náà lọ́rùn.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, bàbá. Ẹ tú ara yín sílẹ̀. Mo ti gbá yín mú."

Àmọ́ ẹni tí ẹ̀rù omi ti bà kì í gbọ́ àlàyé. Ó ti yọ páìpù ìmí kúrò lẹ́nu, awò tí wọ́n fi ń wo abẹ́ omi ti yẹ̀ sí ìhà etí rẹ̀, ètè rẹ̀ sì ti ń funfun. Obìnrin náà fi ọwọ́ kan gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè, ó bojú wẹ̀yìn. Etíkun ti jìnnà. Àlejò mẹ́ta mìíràn tó kó wá láti etíkun láàárọ̀ ọjọ́ náà ṣì ń léfòó lọ́wọ́ ẹ̀yìn, wọ́n dojú bomi, wọ́n ń wo ẹja, wọn ò tiẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀. Ó wá wo iwájú, ó rí bóòtù.

Bóòtù náà dúró lẹ́bàá àpáta iyùn, kò ju ibi tí ènìyàn lè ju òkò dé lọ. Wọ́n ti sọ àkàsọ̀ irin sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, àwọn èrò tó gbé wá ń gùn ún padà lọ́kọ̀ọ̀kan, omi ń ro lára wọn. Níwájú ọkọ̀, ọkùnrin kan kọ̀yìn sí wọn, ó mú pátákó ìkọ̀wé lọ́wọ́. Kò sí ìdí fún ẹnikẹ́ni láti sọ fún obìnrin náà ẹni tó jẹ́. Ẹ̀yìn àbúrò rẹ̀ ni.

Ó fa bàbá náà dé ìdí àkàsọ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé wọn sókè," ó sọ fún àwọn èrò méjì tó wà lókè, àwọn yẹn sì nawọ́ gbà á. "Wọ́n máa bá yín dé èbúté. Ìyàwó wọn wà níbẹ̀."

Òfin kan wà láàárín àwọn tó ń kó àlejò wọ òkun ní etíkun yẹn, àwọn bàbá wọn ló fi lélẹ̀. Bí o bá fi èrò sínú ọkọ̀ ẹlòmíràn, wàá kígbe pé, "Ó lé ọ̀kan." Ẹni tó ń ka èrò nínú ọkọ̀ náà á dáhùn pé, "Ó wọlé." Àwọn tó bára wọn jà lánàá pàápàá ń pa òfin yìí mọ́, nítorí òkun kì í dá sí ìjà ẹnikẹ́ni. Obìnrin náà rántí. Ó tiẹ̀ la ẹnu. Ó wá wo ẹ̀yìn tó wà níwájú ọkọ̀ yẹn, ẹ̀yìn tí òun ò bá sọ̀rọ̀ láti oṣù márùn-ún, ó sì ní, ṣebí ó ní ojú, á rí bàbá náà fúnra rẹ̀. Ó pa ẹnu dé. Ó yí padà, ó lúwẹ̀ẹ́ lọ bá àwọn mẹ́ta tó ṣẹ́kù.

Ìjà ọmọ ìyá kì í wúwo lójú ará ìta, àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni ọkọ̀ afẹ́ ńlá máa ń dúró sí èbúté náà, láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Àlejò tó bá sọ̀kalẹ̀ tó sì fẹ́ wo ẹja ní ọ̀nà méjì. Ó lè tọ obìnrin yìí, Ẹ̀gbọ́n, lọ ní etíkun, kó wọ bàtà onírọ́bà gígùn tó rí bí lẹbẹ ẹja, kó fẹsẹ̀ rìn wọ omi, kó máa lúwẹ̀ẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ gba àárín koríko òkun títí dé ìdí àpáta. Ó sì lè wọ bóòtù, kí wọ́n gbé e lọ tààrà sí ẹ̀yìn àpáta níbi tí omi ti jìn, tí ẹja ti tóbi, tòun ti orin àti ọtí tútù. Ti etíkun ń rẹni. Ti bóòtù ń yá. Kálukú ló ń yin tirẹ̀. Bàbá wọn fi ọgbọ̀n ọdún ṣe ti etíkun, nígbà tó sì fẹ́ kú, ó fa àtíbàbà àti awò lé àwọn méjèèjì lọ́wọ́ pé kí wọ́n jọ máa ṣe é. Àbúrò ṣe é fún ọdún mẹ́ta. Ó ní ẹ̀yìn ń dun òun, ó lọ gba iṣẹ́ ẹni tó ń ka èrò nínú bóòtù.

Ẹ̀gbọ́n lọ bá a ní èbúté, lójú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ó ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Ó ní ó ti tutọ́ sí òkú bàbá àwọn lójú. Àbúrò ní, "Òkun ò mọ ẹni tó fẹsẹ̀ wọlé yàtọ̀ sẹ́ni tó gbé ọkọ̀ wá." Láti ọjọ́ náà, wọn kò bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Ilé kan náà ni wọ́n ń gbé, yàrá kọjú sí yàrá, àmọ́ bí ọ̀kan bá ń bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, èkejì á wá nǹkan kan wò lára ògiri, bí ẹni pé ògiri ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ni.

Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, inú omi ni Ẹ̀gbọ́n wà tó fi gbọ́ tí ẹ́ńjìnnì bóòtù dún. Kò wẹ̀yìn. Tíṣà ni wọ́n ń pe àbúrò rẹ̀ nínú ọkọ̀ yẹn, nítorí bí olùkọ́ ṣe ń pe orúkọ ọmọ ilé ìwé ló ṣe ń ka èrò. Á kà wọ́n bí wọ́n bá ń bọ́ sómi, á tún kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì bí wọ́n bá gòkè, kò sì ṣì í kà rí.

Aago kan ti kọjá dáadáa nígbà tí Ẹ̀gbọ́n kó àwọn àlejò rẹ̀ dé orí yanrìn. Ó gba awò lọ́wọ́ wọn, ó fi omi tó dára ṣàn án, ó rí i pé ti bàbá arúgbó ló kù. Ó rìn lọ sí èbúté láti lọ gbà á.

Bàbá náà jókòó sórí bẹ́ńṣì, ìyàwó rẹ̀ ń fi táwẹ̀lì nu orí rẹ̀, ó sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Mo ní kó bá mi jókòó síbi ibòji, ó lóun ọmọ ogún ọdún fẹ́ lọ wo ẹja." Ó na awò náà sí Ẹ̀gbọ́n, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ọmọ mi, ẹ ṣeun. Ẹ̀yin lẹ dá ọkọ mi padà fún mi."

Ẹ̀gbọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ rẹ́rìn-ín ni, tó gbọ́ ohùn obìnrin mìíràn létí omi. Obìnrin kékeré kan ni, ó kó bàtà ọkùnrin dání, ó dúró níwájú Tíṣà.

"Bàtà ọkọ mi rèé," ó ń sọ. "Ó ní kí n bá òun mú un dání. Kò tíì wá gbà á."

"Gbogbo wọn ló ti sọ̀kalẹ̀, màdáámù. Bóyá ọkọ yín ti padà sínú ọkọ̀ ńlá."

"Láìwọ bàtà? Mo ti lọ wò ó níbẹ̀. Wọ́n ní kò tíì fi káàdì rẹ̀ wọlé."

"Mo kà wọ́n, màdáámù. Méjìlélógún ló lọ, méjìlélógún ló bọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á."

Ẹ̀gbọ́n gbọ́ méjìlélógún yẹn, ó sì wo bàbá arúgbó tó jókòó sórí bẹ́ńṣì pẹ̀lú táwẹ̀lì lọ́rùn. Bàbá yìí ni ẹni kejìlélógún. Awò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó kọ lu pákó èbúté, kò bẹ̀rẹ̀ mú un.

"Ẹ gbé bóòtù," ó ní. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá àbúrò rẹ̀ sọ láti oṣù márùn-ún nìyẹn. "Ìwọ àti awakọ̀, ẹ gbé e ká padà. Ẹnì kan ṣẹ́kù sí ẹ̀yìn àpáta."

Àbúrò wò ó. Ojú rẹ̀ kúrò lára ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó lọ sí orí bẹ́ńṣì, ó pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. Ó sáré lọ tú okùn ọkọ̀.

Lọ́sàn-án, omi ibẹ̀ máa ń fà jáde sí agbami. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ̀. Awakọ̀ rọra ń yí ká, Ẹ̀gbọ́n dúró níwájú, àbúrò rẹ̀ lẹ́yìn, wọ́n ń wo ojú omi títí ojú fi ń ta wọ́n. Ó kù díẹ̀ kí aago mẹ́ta lù ni wọ́n rí páìpù kan tó nà sókè. Ọkùnrin náà dojú bomi, apá rẹ̀ nà sọ́tùn-ún sósì, ẹni tó bá rí i lókèèrè á rò pé ẹja ló ń wò. Ẹ̀gbọ́n ti bẹ́ sómi kí ọkọ̀ tó dúró. Ìgbà tó yí i padà ló rí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ àti orúnkún rẹ̀. Wọ́n ti ya yánnayànna. Ó ti gbìyànjú láti gun àpáta kí wọ́n lè rí i, ó sì dájú pé kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan péré ló gbìyànjú.

Wọ́n tẹ́ ẹ sórí ilẹ̀ ọkọ̀. Ẹ̀gbọ́n ń tẹ àyà rẹ̀, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu, ó ń ṣe é títí apá rẹ̀ kò fi gbé mọ́, ọkùnrin náà kò mí. Nígbà tó gbójú sókè, àbúrò rẹ̀ ń wo àwọn àga òfìfo inú bóòtù, ètè rẹ̀ ń mì. Ó ń kà wọ́n. Bó bá kà á dé òpin, á tún bẹ̀rẹ̀.

Ọ́fíìsì èbúté kò tóbi, tábìlì kan, àga mẹ́ta, fáànù tó ń pariwo ju bó ṣe ń fẹ́ lọ. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ nítorí ooru. Àbúrò jókòó níwájú ọlọ́pàá. Níta, lórí bẹ́ńṣì kan náà, Ẹ̀gbọ́n jókòó ti obìnrin tó kó bàtà lórí itan. Aago mẹ́rin lù, ọkọ̀ ńlá fọn fèrè, ó lọ, nítorí ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í dúró de ẹnì kan. Wọ́n ti kó ẹrù obìnrin náà sọ̀kalẹ̀. Báàgì méjì ni, tirẹ̀ àti ti ọkọ rẹ̀, wọ́n tò ó sí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Mo ṣì í kà," àbúrò ń sọ nínú ọ́fíìsì. "Mọ́kànlélógún ni wọ́n. Mo pè é ní méjìlélógún."

"Awakọ̀ ní o ò ṣì í kà rí."

"Mo ṣì í kà lónìí."

"O mọ̀ pé àtìmọ́lé ló máa yọrí sí?"

"Mo mọ̀ ọ́n, ọ̀gá."

Ẹ̀gbọ́n gbọ́ gbogbo rẹ̀. Tíṣà tó lè sọ iye ẹyẹ tó bà sórí wáyà iná, òun ló ń sọ pé òun ò mọ ìyàtọ̀ mọ́kànlélógún sí méjìlélógún. Ó ti mọ̀. Láti ìgbà tó ti wo bẹ́ńṣì lọ́sàn-án ló ti mọ̀, ó wá ń fi ara rẹ̀ bo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rò ó pé bí òun bá dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa bi òun ní ohunkóhun. Bàbá arúgbó ti bá ọkọ̀ ńlá lọ. Àtíbàbà á wà níbẹ̀ lọ́la, òun á ṣí i. Ojú tì í pé ara rẹ̀ fẹ́ràn bẹ́ńṣì yẹn, pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò fẹ́ dìde. Bí a bá ń jà, bí i ká kú kọ́, ohun tí ìyá wọn máa ń sọ nìyẹn, òun náà sì ti sọ ọ́ fún àwọn ẹlòmíràn tó ń jà nígbà tó ń là wọ́n.

Ó dìde, ó wọlé.

"Ọ̀gá, kò ṣì í kà. Iye tó wà nínú ọkọ̀ ló kà. Èmi ni mo fi àlejò tèmi kún tirẹ̀. Ó yẹ kí n kígbe fún un. Mi ò kígbe."

"Kí ló dé tẹ́ ò kígbe?"

"A kì í bára wa sọ̀rọ̀."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jókòó," àbúrò wí. Kò wò ó, ọwọ́ ara rẹ̀ ló ń wò. "Mo gbọ́ ohùn yín. Mo gbọ́ tẹ́ ẹ ní kí wọ́n bá yín gbé ẹnì kan sókè. Mo kọ̀yìn, mo ń retí kẹ́ ẹ pè mí. Mo ní tẹ́ ẹ bá pè mí, màá dáhùn. Nígbà tẹ́ ò pè mí, mo ní bóyá ẹ kàn ràn án lọ́wọ́, pé èrò tèmi ni. Mo kà wọ́n, ó pé. Mo ní kí ọkọ̀ máa lọ. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ èmi ni màá kọ́kọ́ yíjú."

Ọlọ́pàá gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀. Fáànù ń pariwo. Nígbà tí Ẹ̀gbọ́n yíjú, obìnrin náà wà lẹ́nu ọ̀nà, bàtà wà lọ́wọ́ rẹ̀ síbẹ̀. Kò sunkún. Ó jọ pé ó ti pẹ́ tó ti dúró síbẹ̀.

"Ọmọ ìyá ni yín?" ó bi wọ́n.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Kí lẹ jà lé lórí?"

Ẹ̀gbọ́n wo àbúrò rẹ̀, àbúrò rẹ̀ wo ilẹ̀. Òun ló dàgbà jù, òun ló yẹ kó dáhùn.

"Láti etíkun ni bàbá wa ti máa ń kó àlejò wọ omi," ó ní. "Àbúrò mi fi ti etíkun sílẹ̀, ó lọ sí ti bóòtù."

Obìnrin náà ń wò ó, ó ń dúró de ìyókù. Ẹ̀gbọ́n náà wá ìyókù, ó wá a títí, kò rí i.